Merle Oberon kì í ṣe ọmọ Ọsirélíà o

Ìwé ńlá kan wà nínú yàrá bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n to orúkọ àwọn òṣèré fíìmù òyìnbó sínú rẹ̀ láti A dé Z. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé Merle Oberon kò fara pa. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé Tasmania, ní Ọsirélíà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1911. Mo gbà á gbọ́. Ta ni mo jẹ́ tí n ò ní gbà á gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé àwọn àgbààgbà akọ̀ròyìn gbà á gbọ́ títí obìnrin náà fi kú? Títí di òní, bí ẹ bá bá àwọn tó fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ ò ní ṣaláì rí ẹni tó máa sọ fún yín pé erékùṣù kan náà ni òun àti òṣèré Errol Flynn ti wá.

Ti Errol Flynn, òótọ́ ni. Hobart, olú ìlú Tasmania, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1909. Ti Merle ni irọ́. Nínú gbogbo ohun tí ìwé bàbá mi kọ nípa ìbí rẹ̀, ọdún nìkan ló bá òótọ́ mu.

Bombay, tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí, ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1911. Estelle Merle O'Brien Thompson lorúkọ rẹ̀. Queenie ni wọ́n ń pè é nílé. Òyìnbó ará Ìlú Ọba ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ẹnjiníà rélùwéè ló gbé e dé Íńdíà, ọdún 1914 ló sì kú. Ìran ìyá rẹ̀ wá láti Ceylon, ìyẹn Sri Lanka òde òní, ẹ̀jẹ̀ Maori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, sì wà nínú wọn pẹ̀lú. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Charlotte Selby, obìnrin tí Merle ń pè ní ìyá láti kékeré, ìyá ìyá rẹ̀ gan-an ni. Ọmọ Charlotte, Constance, ló bí i, Constance fúnra rẹ̀ kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Kí ìyá àgbà gba ọmọ tọ́ kì í ṣe ìròyìn lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ṣe ni Charlotte tọ́ àwọn méjèèjì bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sì sọ fún èyí àbúrò pé ìyá rẹ̀ ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Irọ́ ti wà nínú ilé kí ti fíìmù tó dé.

Lọ́dún 1917 wọ́n kó lọ sí Calcutta. Merle rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní La Martiniere, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fojú rẹ̀ rí màbo nítorí pé kò funfun tó, títí ó fi kúrò níbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1920 ó wọkọ̀ òkun lọ sí Ìlú Ọba, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé fàájì, ó ń bá wọn yọjú fìrí nínú fíìmù, kí Alexander Korda, ọ̀gá kan nínú àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó rí i. Korda fún un ní ipa Anne Boleyn nínú The Private Life of Henry VIII lọ́dún 1933. Ipa náà kò gùn rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ojú yẹn kò ní gbàgbé rẹ̀. Làwọn akọ̀ròyìn bá bẹ̀rẹ̀: ta ni obìnrin yìí, ọmọ ibo ni?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń bá Korda polówó fíìmù ní tiwọn, ọjà ni wọ́n wò. Wọ́n ní Hobart ni wọ́n bí i sí, wọ́n ní ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣọdẹ ló ti kú, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ní Íńdíà. Ẹ ò rí i pé irọ́ náà mọṣẹ́? Wọn ò yọ Íńdíà kúrò nínú ìtàn, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n rí ní Calcutta lè yọjú nígbàkigbà. Ibi ìbí nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ìdí tó fi jẹ́ Tasmania kò sì le: ibẹ̀ jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà débi pé kò sẹ́ni tó máa wọkọ̀ òkun fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó lọ wádìí, gbogbo ayé sì gbà pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì paraku ló ń gbébẹ̀.

Àwọn kan á ní ìgbéraga lásán ni, pé obìnrin náà kàn fẹ́ di òyìnbó tipátipá. Èmi ò gbà. Lọ́dún 1917 Amẹ́ríkà ṣòfin tó tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ará Éṣíà, àwọn ará Íńdíà sì wà lára wọn. Lọ́dún 1923 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ fún Bhagat Singh Thind, ọmọ Íńdíà tó ti wọ aṣọ ológun Amẹ́ríkà rí, pé kì í ṣe òyìnbó, nítorí náà kò lè di ọmọ onílùú. Ó di 1946 kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ọgọ́rùn-ún ènìyàn péré lọ́dún ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún odindi Íńdíà. Ní Hollywood gan-an, òfin tí wọ́n fọwọ́ líle mú láti 1934 ní ìfẹ́ láàárín funfun àti dúdú kò gbọ́dọ̀ hàn nínú fíìmù, àwọn iléeṣẹ́ sì ń na òfin náà dé orí àwọn ará Éṣíà. Ẹ wo Anna May Wong, tí wọ́n bí ní Los Angeles níbẹ̀, ọmọ ìran Ṣáínà tí kò fi ara rẹ̀ pa mọ́. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe obìnrin ará Ṣáínà nínú The Good Earth, Luise Rainer, òyìnbó, ni wọ́n gbé e fún, ìyẹn sì gba Oscar lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá mọ Merle sí ọmọ Bombay, ta ló máa jẹ́ kó ṣe Cathy pẹ̀lú Laurence Olivier nínú Wuthering Heights lọ́dún 1939?

Kì í ṣe ẹnu nìkan ni wọ́n fi pa irọ́ yìí mọ́, iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí Merle ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1937, ó fi àpá sí i lójú; lọ́dún 1940 ìpara àti òògùn tún ba awọ ojú náà jẹ́. Nígbà tó yá, Lucien Ballard, ayàwòrán fíìmù tó fẹ́ ẹ lẹ́yìn Korda, ṣe iná kékeré kan fún un. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ dúró síwájú dígí lálẹ́, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí: gbogbo kòtò àti gegele ojú yín á yọ síta, torí òjìji ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá gbé e sí àárín ojú méjèèjì: òjìji sá sẹ́yìn, ojú tẹ́ pẹrẹsẹ, awọ sì mọ́lẹ̀ sí i. Ohun tí Ballard ṣe náà nìyẹn, ó so iná mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an, ibi tí kámẹ́rà bá yí sí niná ń yí sí. "Obie" làwọn oníkámẹ́rà ń pè é, wọ́n sì ń lò ó di òní. Orúkọ Oberon ni wọ́n gé kúrú. Orúkọ tí wọ́n hun fún un wá di orúkọ iná tó ń fi ojú pamọ́. Àsọdùn ni ẹ̀ bá máa pè é bó bá jẹ́ èmi ni mo dá a sọ.

Ní ti Charlotte, wọ́n á ní Merle sọ ìyá tó tọ́ ọ di ọmọ ọ̀dọ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n jọ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, àlejò tó bá wọlé sì máa rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni ìyá aláwọ̀ dúdú tó ń gbé tíì wá. Charlotte kú lọ́dún 1937. Lọ́dún 1949 Merle fún ayàwòrán kan ní fọ́tò àtijọ́ Charlotte pé kó kùn ún, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀ sí i. Ilé tó bá kó lọ, tòun ti àwòrán yẹn ni, títí dọjọ́ ikú rẹ̀. N ò mọ orúkọ tí ẹ óò pe ìyẹn. Ìtìjú nìkan kọ́.

Ẹnìkan á ní Nicole Kidman, òṣèré tí gbogbo ayé ń pè ní ọmọ Ọsirélíà ńkọ́, ṣebí Honolulu ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òun náà sí? Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dún 1967, ṣùgbọ́n ọmọ Ọsirélíà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Sydney ló sì dàgbà sí. Merle kò ní bàbá níbẹ̀, kò ní ìyá, kò ní ilé.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àṣírí tú. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde lọ́dún 1983, ó sì dá a padà sí Bombay. Harry Selby, ọmọ tí Constance bí lẹ́yìn rẹ̀, rí ìwé ìbí Merle, orúkọ Constance ló sì wà ní ipò ìyá. Harry ti lọ kí i rí ní Los Angeles, Merle kọ̀, kò jáde sí i. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù ìwádìí kan nípa Merle lọ́dún 2002, àwọn ará Tasmania kan ṣì ń jà fún un, wọ́n ní obìnrin ọmọ ìran Ṣáínà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ló bí i. Kò sí ìwé kankan tó ti ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn. Ogún ọdún ni wọ́n sọ pé irọ́ máa fi ń sáré kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Eléyìí ti sá ju àádọ́ta lọ.

Nítorí Merle náà ni àwọn akọ̀ròyìn ṣe ní láti ṣọ́ ẹnu nígbà tí Michelle Yeoh, òṣèré ọmọ Malaysia, gba Oscar lọ́dún 2023. Wọn ò lè kàn sọ pé obìnrin Éṣíà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún òṣèrébìnrin tó dára jù lọ ni. Wọ́n ti yan Merle fún un lórí The Dark Angel ti 1935. Bette Davis ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yàn án, wọn ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń yàn.

Lọ́dún 1978 Merle wá sí Hobart. Àwọn aláṣẹ ìlú gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, olórí ìlú ṣe àpèjẹ fún ọmọ wọn tó padà wálé. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi ní ara òun ò yá. Ó dìde, ó kúrò, ó wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kò sì dá akọ̀ròyìn kankan lóhùn mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, ní Malibu.