“Ajá mi ti gba abẹ́rẹ́”: abẹ́rẹ́ wo, fún kí ni?

Bí ẹ bá yà sílé ẹni tó ń sin ajá n’Ìbàdàn, tí ajá ọ̀hún ń fi ahọ́n lá ọmọ yín lójú, ẹ sọ̀rọ̀ wò. Ẹ ò ní tíì sọ ọ́ tán tí onílé á fi dáhùn: “Ẹ má mikàn, ó ti gba abẹ́rẹ́.” Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Odidi oṣù méjì ni mo fi sọ ọ́, tí mò ń mú káàdì abẹ́rẹ́ Bingo, ajá mi, jáde fún àlejò bí ìgbà tí bàbá ń fi sátífíkéètì ọmọ yangàn.

Ọmọ ajá ni nígbà náà, ó ń lọ sí oṣù mẹ́rin. Ẹni tó tà á fún mi ló kó káàdì lé mi lọ́wọ́, ó ní kò sí wàhálà kankan mọ́. Ikùn Bingo yọ rogodo bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ yó. Ìyàwó mi ní oúnjẹ ń bá a lára mu. Mo gbà bẹ́ẹ̀, inú mi tilẹ̀ ń dùn, àfi bó ṣe bì sórí kápẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ Sátidé kan. Mo kọ́kọ́ rò pé sùpàgẹ́tì tí àwọn ọmọ jẹ kù lálẹ́ ló lọ jí jẹ: ó funfun, ó gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, ó lọ́ mọ́ra bí okùn. Mo ti mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kí ọ̀kan nínú sùpàgẹ́tì náà tó gbé orí sókè.

Nílé ìwòsàn ẹranko, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, “Dókítà, ó ti gba abẹ́rẹ́ o,” bí awakọ̀ tí ọlọ́pàá dá dúró tó ń yára na ìwé ọkọ̀. Dókítà náà, obìnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí, gba káàdì, ó ń fi bírò tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan. “Ti parvo nìyí, sà. Ti distemper ló wà pẹ̀lú rẹ̀, àìsàn ajá ni méjèèjì. Ti dìgbòlugi ló kẹ́yìn yìí. Aràn dà níbẹ̀?” N kò rí aràn. Ó yí káàdì sódì, ó fi àyè tí wọ́n ń kọ òògùn aràn sí hàn mí. Ó mọ́ bí abọ́ tí ajá lá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyẹn. Gbogbo ohun tó lè ti ara ajá ràn wá ni a dì sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “abẹ́rẹ́”. Dìgbòlugi nìkan ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ń bá jà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa dìgbòlugi, ohun tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, abẹ́rẹ́ sì ń kọ́ ara ajá bó ṣe máa dá a mọ̀ kó sì pa á. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọkùnrin kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní ilẹ̀ Faransé ni ayé ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Aràn ńkọ́? Ẹranko lòun. Ó ní ẹnu, ó ní ìfun, ó ń yé ẹyin. Abẹ́rẹ́ yẹn kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ lè fi àgádágodo márùn-ún ti géètì, ìyẹn ò ní kí eku tó wà lájà jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má torí ọ̀rọ̀ mi fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ o. Tí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, àwọn tó yè é láyé kò tó nǹkan. Ní 28 September ọdọọdún, tí í ṣe ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú tiyín lọ. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ti aràn.

Àwọn kan á ní, “Tèmi kì í jáde, mo ń wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, irú òyìnbó ni.” Àwọn tó ra ajá olówó gọbọi ni mo ti ń gbọ́ ọ jù. Aràn tí mò ń sọ yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Toxocara canis, kò nílò kí ajá jáde. Inú ìyá rẹ̀ ló ti bá a. Tí abo ajá bá gbé ẹyin aràn mì, àwọn ọmọ aràn kan á wọnú ẹran ara rẹ̀ lọ, wọ́n á sùn síbẹ̀. Òògùn aràn tí ẹ bá fún un kì í sábà dé ibi tí wọ́n sùn sí. Ìgbà tó bá lóyún ni wọ́n ń jí. Tí oyún ọ̀hún bá ti dàgbà, wọ́n á gba ibi ọmọ kọjá sára àwọn ọmọ inú rẹ̀. Àwọn mìíràn á bá wàrà wọlé lẹ́yìn tó bá bímọ. Nítorí náà, ọmọ ajá tí wọ́n bí sórí táìsì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan iyẹ̀pẹ̀ rí, lè ti máa ya ẹyin aràn kó tó pé oṣù kan. Ọṣẹ wo lẹ fẹ́ fi wẹ ìyẹn?

Ìgbàgbọ́ mìíràn tún wà lẹ́yìn èyí, òun ló sì burú jù lójú tèmi, torí àwa tí a fẹ́ràn ìmọ́tótó gan-an là ń ṣe é. Ajá yàgbẹ́ sí àgbàlá, ó tutù, ó ń rùn, eṣinṣin bò ó. Kí la máa ń sọ fún ọmọ tó fẹ́ gbá a? “Fi í sílẹ̀ kó gbẹ ná, kó má baà ra ìgbálẹ̀.” Tó bá gbẹ, tó funfun, tó rún wómúwómú, a gbà pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kú. Irọ́ ni.

Ẹyin Toxocara tó wà nínú ìgbẹ́ tútù kò tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Bí ẹyin adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ló rí, ọmọ kò tíì sí nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló máa lò nínú ilẹ̀ tó lọ́rinrin tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọmọ aràn tó gbó nínú rẹ̀. Ẹ wo ojú ọjọ́ Ìbàdàn lásìkò òjò, kẹ́ ẹ sọ ibi tó tún máa tù ú lára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi. Òjò á fọ́ ìgbẹ́ náà ká, ẹ ò ní rí i mọ́, ẹyin á kù nínú iyẹ̀pẹ̀. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, ó sì lè wà láàyè lábẹ́ ibòji fún ọdún mélòó kan. Izal kò ràn án, bílíìṣì kò ràn án. Oòrùn ọ̀sán gangan lórí sìmẹ́ǹtì lè gbẹ díẹ̀ nínú wọn pa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ajá wo ló máa rí ìdí igi máńgòrò tí á lọ yàgbẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì? Abo aràn kan ṣoṣo sì lè yé ẹyin tó 200,000 lóòjọ́.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí ni ọkàn mi lọ sí iyanrìn iwájú ilé wa ní Àpáta. Ẹnì kan ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, owó tán, tipa iyanrìn kan sì ti wà níta láti bí oṣù mẹ́ta. Kò sí ọmọ àdúgbò tí kò mọ̀ ọ́n. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kó agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò jáde, wọ́n á máa se ọbẹ̀, wọ́n á máa ro àmàlà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ni oníbàárà wọn. Òun ni wọ́n ń bu “oúnjẹ” fún, á sì máa ṣe bí ẹni ń jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn, ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́.

Láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ wò ó. Ajá méjì ni mo bá lórí rẹ̀. Ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha iyanrìn bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀, ìkejì ń run imú kiri, ó ń wá àyè. Bingo ni ìkejì. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí géètì fún un, bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

Tí ènìyàn bá gbé ẹyin tó ti gbó yìí mì, ọmọ aràn á jáde nínú ìfun, á lu ìfun kọjá, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè dé ọpọlọ tàbí ojú. Kò mọ̀nà, torí ara ènìyàn kì í ṣe ilé rẹ̀. Kò lè dàgbà níbẹ̀, kò lè yé ẹyin. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè yẹ ìgbẹ́ ọmọ wò títí kẹ́ ẹ má rí nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún un. Ọ̀pọ̀ tó wà lára wọn kì í tilẹ̀ mọ̀. Àwọn mìíràn á máa gbóná, wọ́n á máa wúkọ́, inú á máa run wọ́n, ohun tí àwa á yára pè ní ibà àti táífọ́ọ̀dù. Ti ojú ló ń bà mí lẹ́rù, torí ẹyọ ọmọ aràn kan ti tó láti ba ojú jẹ́. Ní 1950 ní Amẹ́ríkà, Helenor Wilder, onímọ̀ nípa àrùn ojú, yẹ ojú 46 wò tí àwọn dókítà ti yọ, tí wọ́n fura sí jẹjẹrẹ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Nínú 24, ọmọ aràn tàbí àpá rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ní 1952 ni Paul Beaver, onímọ̀ nípa aràn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí Toxocara gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń rìn kiri nínú ara àwọn ọmọdé kan tó ń ṣàìsàn.

Kí n yà bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ díẹ̀: súùtì kì í fún ọmọ láràn. Súùtì kò yé ẹyin. Ọwọ́ tó fi bọ iyanrìn kó tó mú súùtì ni kẹ́ ẹ bi.

Aràn mìíràn wà tí kò tilẹ̀ dúró de ẹnu. Ọmọ hookworm ajá máa ń gbó sínú iyanrìn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, awọ ẹsẹ̀ lásán ló sì ń lu wọlé. Á máa rìn lábẹ́ awọ, ipa rẹ̀ á pọ́n, á lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, á sì máa yúnni lóru. Ti ológbò ni toxoplasma, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí kì í ṣe aràn, tí wọ́n ń torí rẹ̀ kìlọ̀ fún aboyún. Òun náà kì í ràn lọ́jọ́ tí ológbò yà á. Ó di lẹ́yìn ọjọ́ kan sí márùn-ún, nítorí náà ẹni tó ń kó o dànù lójoojúmọ́ ti ṣíwájú rẹ̀ (kí ẹlòmíràn bá aboyún ṣe é). Aboyún tó sì lé ológbò jáde tán, tó ń jẹ ẹran tí kò jinná, kó mọ̀ pé inú ẹran bẹ́ẹ̀ náà ló wà. Ẹ̀dọ̀ tútù tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ alápatà fún ajá, ẹ bá mi sè é.

Ohun tí dókítà wí fún mi kò le. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bí ọmọ ajá ni òògùn aràn ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹyin tó máa jáde, òun àti ìyá rẹ̀ lápapọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n á máa lò ó títí tí yóò fi já lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù títí di oṣù mẹ́fà. Ajá tó ti dàgbà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ẹranko ìjọba wà ní Mọ́kọ́lá, ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà. Ti ìgbẹ́, mo ń fi ọ̀rá búrẹ́dì bọwọ́, mo ń ṣà á láràárọ̀ nígbà tó ṣì tutù, ó di inú ṣáláńgá. Mi ò jẹ́ kó dé ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Iyanrìn ìta yẹn, mo ra tapólì bò ó, mo fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n tó ni ajá kejì ló gba ọ̀rọ̀ gùn jù. “Tèmi ti gba abẹ́rẹ́,” ló kọ́kọ́ wí. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ mú káàdì wá, kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n yí i, wọ́n dákẹ́. Ó wá ku òògùn, bí ajá bá sì ṣe wúwo tó ni wọ́n ń díwọ̀n rẹ̀. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe ti Bingo: ẹ gbé ajá, ẹ gun ìwọ̀n, ẹ sọ ajá kalẹ̀, ẹ tún gùn ún, ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Ẹ̀gbọ́n wo ajá wọn, wọ́n wo ìbàdí ara wọn. “Ta ni yóò gbé èyí?” La bá fà á lọ síkòríta, sídìí ìwọ̀n ọmọkùnrin tó ń ra irin àlòkù. Kílò 31. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ni ọmọkùnrin náà béèrè pé èló la fẹ́ gbà lórí kílò kan.