CIA kọ́ ló rán Manson

Ó tún ti dé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo dókúmẹ́ńtárì Errol Morris lórí Netflix nípa Charles Manson, olórí ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pa èèyàn ní Los Angeles ní 1969, rọra sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ìlú. "Ẹ̀gbọ́n, CIA, àwọn amí Amẹ́ríkà, ló fi oògùn yí Manson lórí, Manson náà ló wá yí àwọn ọmọ yẹn lórí." Mo bi í pé ta ló ṣojú rẹ̀. Ó ní kí n lọ wo fíìmù náà.

Mo ti wò ó láti ọdún 2025 tó ti jáde. Mo tún ka ìwé tí wọ́n gbé e lé, èyí tí oníròyìn Tom O'Neill fi ogún ọdún wádìí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé O'Neill fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò rí ẹ̀rí kan pé Manson àti Jolly West pàdé rí. West ni oníṣègùn ọpọlọ tó bá CIA ṣiṣẹ́ lábẹ́ MKULTRA, ètò ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń wá bí oògùn ṣe lè yí ọpọlọ èèyàn padà. Ní 1967, ó gba ilé kan ní Haight-Ashbury ní San Francisco kó lè máa wo ìwà àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo LSD, oògùn tó ń mú kéèyàn rí ohun tí kò sí. Manson náà ń rìn kiri àdúgbò yẹn lọ́dún náà, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ mìíràn. Ó parí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: gbogbo ẹ̀rí wọn ò ju ìyẹn lọ.

Mi ò sọ pé irọ́ ni MKULTRA o. Ní 1953 ni Allen Dulles, olórí CIA nígbà náà, fọwọ́ sí i, wọ́n sì fún àwọn èèyàn ní LSD láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Ní 1962, ní Oklahoma City, West yìí kan náà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gún erin kan tó ń jẹ́ Tusko ní abẹ́rẹ́ LSD. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan erin ti ṣubú, kò sì tó wákàtí méjì tó fi kú. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n oògùn tó yẹ kó fún erin ni ẹ ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi oògùn sọ ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún di apànìyàn tó ń gbọ́ àṣẹ. Sidney Gottlieb tó jẹ́ olórí ètò náà gan-an gbà níkẹyìn pé iṣẹ́ náà kò yọrí sí nǹkan gidi.

Ẹ wá wo bí ìpànìyàn náà ṣe ṣẹlẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje 1969, Tex Watson, ọmọ ẹgbẹ́ Manson, fi ọ̀rọ̀ igbó lu oníṣòwò oògùn olóró kan, Bernard Crowe, ní jìbìtì. Crowe bínú, Manson lọ yìnbọn fún un, ó sì rò pé òun ti pa á. (Kò kú.) Lópin oṣù yẹn, wọ́n lọ wá owó nílé Gary Hinman, ojúlùmọ̀ wọn, Manson fi idà gé e létí, Bobby Beausoleil tó wà lára wọn wá gún un pa. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ "Political piggy" sára ògiri. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, wọ́n ká Beausoleil mọ́ inú ọkọ̀ olóògbé náà. Ọjọ́ kẹta géérégé ni òṣèré fíìmù Sharon Tate àtàwọn mẹ́rin mìíràn kú nílé rẹ̀ ní Cielo Drive, tí wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ kọ "PIG" sí ilẹ̀kùn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá rò pé ẹni tó pa Hinman ṣì wà níta, kí Beausoleil lè jáde. Ẹ̀rù, gbèsè, àti ìgbéraga Manson, olórin tí ẹnikẹ́ni ò gba orin rẹ̀. Níbo ni CIA ti wọlé?

"Àwọn ọlọ́pàá ń bò ó." Mo ti gbọ́. Òótọ́ ni pé ọlọ́pàá kó Manson àtàwọn ọmọ rẹ̀ ní Spahn Ranch, ibi tí wọ́n ń gbé, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ torí pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé àṣẹ kò bá a mu. Ṣé ẹ mọ àwọn ọlọ́pàá tí à ń sọ? Àwọn ọlọ́pàá káúńtì wá bá àwọn ti Los Angeles pé wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ yìí nílé Hinman, àwọn yẹn ní rárá, ọ̀rọ̀ oògùn olóró ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan rí ìbọn tí wọ́n lò ní Cielo Drive lẹ́yìn ilé wọn. Bàbá rẹ̀ pe ọlọ́pàá, wọ́n wá gbé e. Ìbọn yẹn wà ní àgọ́ wọn títí di oṣù Kejìlá, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí àwọn àgọ́ ìlú mìíràn pé kí wọ́n bá wọn wá irú rẹ̀! Bàbá ọmọ náà ló tún padà pè kí wọ́n tó rántí. Àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n ló bá wọn rí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ̀yin ń rí ìdìtẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀lẹ àti àìbìkítà lèmi ń rí.

Ẹ̀rí tó wà lọ́kàn mi jù ni ti Leslie Van Houten, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Manson tí wọ́n dá lẹ́bi ìpànìyàn. Ní 1977 wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ ṣe, ohun tí agbẹjọ́rò rẹ̀ sì gbé kalẹ̀ ni pé LSD àti Manson ti ba orí rẹ̀ jẹ́. Ohùn júrì kò ṣọ̀kan. Ọdún yẹn gan-an ni ilé aṣòfin Sẹ́nétì ń tú àṣírí MKULTRA ní gbangba. Bí dókítà ìjọba kan bá ti fọwọ́ kan ọpọlọ wọn rí, ìgbà yẹn ló yẹ ká gbọ́. Manson ni wọ́n ń nawọ́ sí.

Mo gbà pé Richard Helms, olórí CIA nígbà náà, ní kí wọ́n run àwọn ìwé MKULTRA ní 1973, ẹnikẹ́ni ò sì lè búra sí ohun tó wà nínú wọn. Ó tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, èèyàn lásán ò lè ṣe irú ẹ̀." Ibí yìí ni mo ti gbé ohùn sókè díẹ̀. Manson ti lo ju ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ nínú àhámọ́ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 1967. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́: ó gba kíláàsì Dale Carnegie, èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fa ojú èèyàn mọ́ra, ó fetí sí àwọn tó ń fi obìnrin ṣòwò, ó sì mú díẹ̀ nínú ẹ̀sìn Scientology. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ á kó owó àti ọkọ̀ sílẹ̀, á gba orúkọ tuntun, á sì gbàgbé ìyá àti bàbá.

Mo mọ irú ọ̀nà yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún, mo wọ ẹgbẹ́ àdúrà kan tí a ò ju mẹ́rìnlá lọ. Olórí wa fún mi ní orúkọ tuntun lọ́sẹ̀ kejì. Lóṣù kẹta, mo ti ta kọ̀ǹpútà mi, mo ti kó owó rẹ̀ fún un, mi ò sì bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀rọ̀ mọ́ torí pé wọ́n ní ẹ̀mí àtakò wà lára rẹ̀. Kò sí LSD, kò sí dókítà kankan. Omi tútù la máa ń mu níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú kó tó rí mi mú lọ sílé. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, mo ń yọjú wò ó lójú fèrèsé, inú ń bí mi sí i.