Arnold Kò Fi 20 Dọ́là Dá Di Olówó

Ìtàn kan wà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìwúrí kì í gbàgbé tí wọ́n bá ti dé orí àlá Amẹ́ríkà, ìyẹn èrò pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣiṣẹ́ kára lè là níbẹ̀. Wọ́n á ní Arnold Schwarzenegger kúrò ní Austria, ó dé Amẹ́ríkà ní 1968 pẹ̀lú 20 dọ́là lápò àti báàgì aṣọ kan, Gẹ̀ẹ́sì kò já gaara lẹ́nu rẹ̀, kò ní ẹnì kankan, òun nìkan ló jà á títí tó fi di gbajúmọ̀ òṣèré, tó tún di gómìnà California. Wọ́n á wá yíjú sí yín: "Kí ló wá dá ẹ̀yin dúró?" Àtẹ́wọ́ á sọ, fídíò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ 20 dọ́là yẹn, Arnold fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. (Ẹ má gbàgbé pé 20 dọ́là ìgbà yẹn lé ní 150 dọ́là òde òní.) "Kò ní ẹnì kankan" ni kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ọmọ bá ní òun ń lọ sókè òkun, a kì í kọ́kọ́ bi í pé èló ló wà lápò ẹ̀. "Ọ̀dọ̀ ta lo máa wọ̀ sí?" la máa ń bi í. Ọ̀dọ̀ Joe Weider ni Arnold wọ̀ sí. Weider ló ń tẹ ìwé ìròyìn àwọn tó ń gbé irin, ó sì ń ta èlò wọn. Òun ló mú un wá, ó wá ilé fún un, ó sì ń sanwó fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó lè máa rí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lò nínú ìwé ìròyìn. Kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Arnold ti gba oyè Mr. Universe, oyè ńlá láàárín àwọn tó ń gbé irin, ní London ní 1967. Ẹni tí wọ́n ti ń wá kiri ni.

Kí ló dé tí 20 dọ́là fi wá borí gbogbo èyí? Owó ṣeé kà. Ẹni tó jókòó á fọwọ́ kan àpò ara rẹ̀, á ní "èmi kúkú ní jù bẹ́ẹ̀ lọ", ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè ka ojúlùmọ̀ lápò.

Arnold mọ iṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ wọ èèyàn lára yìí dunjú. Ní 2004, níbi àpéjọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ní New York, ó bi àwọn èèyàn pé báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá Republican ni yín? Ó wá bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbà pé ìjọba ló yẹ kó máa jíhìn fún ará ìlú, Republican ni yín. Bí ẹ bá gbà pé ẹbí yín mọ bí wọ́n ṣe ń ná owó yín ju ìjọba lọ, Republican ni yín. Ó ń dá a, wọ́n ń gbè é bí orin. Ta ló máa ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ jíhìn? Ẹni tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu rẹ̀ á ti sọ ẹ̀kẹta kí orí rẹ̀ tó rò ó.

Nínú ọ̀rọ̀ kan náà, ó ní òun fojú ara òun rí ọkọ̀ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì (ìjọba Rọ́ṣíà ayé ìgbà yẹn, tó gba apá kan Austria lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì) lójú pópó nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Agbègbè Styria ni wọ́n ti bí i, ní 1947. Sófíẹ́ẹ̀tì sì ti kúrò ní Styria láti 1945, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ní Austria ta kò ó. Ó lè jẹ́ ìgbà tó rìnrìn àjò dé apá ibi tí Sófíẹ́ẹ̀tì wà ló rí i, torí ó mẹ́nu kan ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ etí olùgbọ́ gbà á bíi pé iwájú ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Bí ibi tó ti wá bá ṣe ṣókùnkùn tó, bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe máa mọ́lẹ̀ tó.

Ní 2017, ọkùnrin yìí kan náà dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Houston (Houston tí àwọn èèyàn wa kún bámú yẹn), ó ní kí wọ́n pe òun ní ohun tó bá wù wọ́n, àmọ́ kí wọ́n má ṣe pe òun ní ẹni tó dá ara rẹ̀ ṣe. Ó dárúkọ àwọn òbí rẹ̀, ó dárúkọ Weider, ó sọ bí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé irin ṣe kó ìrọ̀rí àti abọ́ wá sílé rẹ̀ ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ (Thanksgiving) àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú èyí náà, torí ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí adé kúrò lórí, kíá lèèyàn á gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó bá òtítọ́ mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn tí wọ́n gbé irin bíi tirẹ̀ tí wọn ò là ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń gbé gbohùngbohùn fún wọn.

Raj Chetty àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí iye ọmọ tálákà tó ń là lóòótọ́. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n bí sínú ìdá kan nínú márùn-ún tó tòṣì jù ní Amẹ́ríkà, bíi 7 tàbí 8 ló ń dé ìdá kan nínú márùn-ún tó lówó jù. Nínú àwọn tí wọ́n bí ní 1940, bíi 90 nínú 100 ló rí owó ju òbí wọn lọ. Nínú àwọn ti 1980, kò ju ìdajì lọ. Àwọn ọmọ 1980 kò ya ọ̀lẹ jù. Bí owó ìlú ṣe ń pín ló yí padà. Ní Kánádà, àwọn ọmọ tálákà tó ń dé òkè yẹn ń lọ sí 13 tàbí 14 nínú 100. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kankan gun orí pèpéle kó máa pariwo àlá Kánádà.