Tẹ̀tẹ̀ ló ba ẹ̀fọ́ yòókù lórúkọ jẹ́

Ẹ bi ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé pé kí ló dé tí kò gbin ẹ̀fọ́. Á ní, “Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ kì í tán. O gbìn ín lónìí, o fà á tu lóṣù tó ń bọ̀, o tún bẹ̀rẹ̀.” Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ tẹ̀tẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ó ti tó fà tu, bó bá sì ti so hóró, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ìwà tẹ̀tẹ̀ la fi ń wo gbogbo ẹ̀fọ́.

Igi ni ewúro. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó díẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má nàró ṣánṣán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tètè yọ ọ̀mùnú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Ewé kan níbí, ewé kan lọ́hùn-ún ni wọ́n ń já, wọ́n ní bí àwọn bá gé e, á kú. Èyí tí wọn ò gé á ga dé òrùlé, á tanná, ewé rẹ̀ á sì wà níbi tọ́wọ́ ò tó.

Orúnkún ni mo máa ń gé tèmi dé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fojú sí àpá ibi tí ewé ti já lára igi: ẹ óò rí kókó kan, kò ju orí ìṣó lọ. Ọ̀mùnú ló sùn síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí orí igi bá ṣì wà, kì í jẹ́ kó jí. Ẹ bẹ́ orí kúrò, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe máa yọ yí igi ká.

Wọ́n ní wọ́rọ̀wọ́ náà kì í pẹ́. Ìta gbangba ni wọ́n gbìn ín sí! Abẹ́ kòkó ló ti ń fà nílẹ̀ wa, oòrùn ganrínganrín ò bá a lára mu. Igi rẹ̀ ni kí ẹ gé gbìn, sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìbòòji mìíràn.

Gbúre tí à ń ro dànù bíi koríko ńkọ́? Ẹ ki igi rẹ̀ bọ ilẹ̀ tútù, ó ti hù nìyẹn. (Kí ẹni tó ní òkúta inú kíndìnrín má jẹ ẹ́ lájẹjù o.)

Ẹ̀fọ́ tí à ń gé léraléra gbọ́dọ̀ jẹun: ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni kí ẹ dà sídìí rẹ̀. Kùkùté ewúro kan wà lẹ́yìn ilé wa, ọdún keje rẹ̀ rèé. Lára rẹ̀ la ti já ewé tí a fi se ọbẹ̀ alẹ́ àná.