Abẹ́rẹ́ Ní Ìwé Tirẹ̀, Ojú Kò Ní

Níbi iṣẹ́ wa, ìwé ńlá kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mẹ́tírọ̀n. Bí abẹ́rẹ́ bá gún nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, inú ìwé yẹn ni wọ́n á kọ ọ́ sí: ọjọ́ wo, aago mélòó, ara ta ni abẹ́rẹ́ náà ti kọ́kọ́ wọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n á ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bó bá yẹ kó lo oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 ló sì máa fi lò ó. Wọ́n á tún pè é padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún pè é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ṣé kò nígbàgbọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ti gún òun náà rí, òun ò sì kú.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Iléṣà yìí, ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò tíì rí ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí ojú wa rí sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. A jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Ó ti fún mi láyè kí n sọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ọsibítù tí òun wà nígbà náà. Apá Ọ̀wọ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, 5 oṣù kẹfà 2022. Ọjọ́ àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwọn agbésùnmọ̀mí ya bo ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n ju àdó olóró. Nǹkan bí 40 ènìyàn ló kú, ọmọdé wà nínú wọn, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń padà wá bá òun lóru. Aṣọ ni. Àwọn ènìyàn ti dáṣọ ọdún, ohun tó dára jù nínú àpótí wọn ni wọ́n wọ̀ lọ sílé Ọlọ́run. Bí ọta ìbọn bá sì ba èèyàn, àwa kì í bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, gígé là ń gé e, kí a lè tètè rí ojú ọgbẹ́. Obìnrin kan wà tó wọ léèsì tuntun. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ náà, obìnrin yìí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e, mi ò tíì san owó ẹ̀ tán."

Ó gé e. Obìnrin náà yè o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi ò lè dúró ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ìró sísọ́ọ̀sì lára aṣọ ni etí rẹ̀ kò gbà mọ́.

Lóru ọjọ́ ìkọlù yẹn, aago méjì ló délé. Ìyá tó bí ìyá mi, nígbà ayé wọn, kì í jẹ́ kí ẹni tó ti ibi òkú dé fẹsẹ̀ kan yàrá láì fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀. Omi á ti wà nínú igbá lẹ́nu ọ̀nà kí onítọ̀hún tó dé. Mi ò mọ̀ bóyá omi yẹn lágbára kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnì kan nínú ilé mọ ibi tí o ti ń bọ̀, ó sì ti ń dúró dè ọ́. Ọ̀rẹ́ mi dá wẹ̀ ni, ó dá sùn, aago méje àárọ̀ ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mi ò ní purọ́, àwọn èèyàn ṣe dáadáa sí wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn ará ìlú tò láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹni ńlá wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún yín. Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìkọlù náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, 160 lórí 100, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Inú ń ta á bí ẹni tó fi òfìfo jẹ ata. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá bó ṣe wù ú. Aago mẹ́ta òru ló máa ń jí, kò sì ní sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn oorun fúnra rẹ̀ ní kẹ́mísì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí. Nígbà tó yá kò lọ mọ́, rédíò ló fi ń gbọ́ ìwàásù. Ó wá bá mi ṣọdún Kérésì ní Iléṣà lọ́dún náà. Àwọn ọmọ àdúgbò yin bángà, kí n tó yíjú padà, ọ̀rẹ́ mi ti wà lábẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń bá wọn ṣeré ni. Ẹni tí ejò ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, á bẹ́.

Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun kúrò ní pàjáwìrì fúngbà díẹ̀. Èsì tí ọ̀gá rẹ̀ fún un ló ń bí mi nínú títí dòní: "Ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ ni?" Nígbà tó pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kúẹ́rì ni wọ́n fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì. Bí èèyàn bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí kò róorun sùn, tí àyà rẹ̀ ń já, tó ń ṣẹ̀rù ariwo, kì í ṣe àìsàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ara ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lé ní oṣù kan, tí ohun tó rí ń padà wá bá a lójú oorun àti lójú ayé, tó ń sá fún gbogbo ohun tó lè rán an létí, tí ara rẹ̀ kò sì sinmi, àìsàn ni, ó lórúkọ, PTSD, ó sì ní ìtọ́jú. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara tó sì wà lójúfò tọ̀sán-tòru bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má dúró síbi tó yẹ.

Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ̀jẹ̀ ti mọ́ yín lójú." Ẹ̀jẹ̀ jàǹbá ọkọ̀ mọ́ mi lójú lóòótọ́. Mo ti gba àwọn tó forí gbárí lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ láìmọye ìgbà, mo sì jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹnì kan jókòó pète rẹ̀, tó dìídì wá pa ọmọ ọlọ́mọ níbi tó ti ń gbàdúrà, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń wọ ara. Ẹ tún wo ti ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọra wọn: kí nọ́ọ̀sì tó wo ọgbẹ́, ojú ló máa kọ́kọ́ wò, bóyá ará ilé òun ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ifẹ̀ ló là mí lóye lórí èyí. Wọ́n ṣiṣẹ́ la gbogbo ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ já, láti 1997 títí wọ 2000. Ìyẹn kì í ṣe ti agbésùnmọ̀mí, ará ilé àti ará oko ló dojú kọ ara wọn, ṣùgbọ́n ojú kì í bèèrè ẹni tó yìnbọn. Wọ́n sọ fún mi pé títí dòní, bí wọ́n bá wọ yàrá ìgbàlejò ńlá, kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á ti ka iye ènìyàn tí ilẹ̀ ibẹ̀ lè gbà bí wọ́n bá tẹ́ wọn síbẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ìbẹ̀rù náà sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ kí ìbọn tó dún. Ní 2018, ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno, wọ́n jí Hauwa Liman àti Saifura Khorsa gbé, agbẹ̀bí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Red Cross ni àwọn méjèèjì. Wọ́n pa Saifura nínú oṣù kẹsàn-án, wọ́n pa Hauwa nínú oṣù kẹwàá. Ọmọ ọdún 24 ni Hauwa. Ẹnì kan máa ní ti òkè Ọya nìyẹn. Ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń wọkọ̀ láti Ìpetu àti Ìgbárà-Òkè wá síṣẹ́ alẹ́ bí ojú ọ̀nà ṣe rí lára wọn. Ọ̀kan nínú wọn kì í mu omi láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó má baà sọ pé kí dírẹ́bà dúró.

Àwọn tí mo tún ń ronú nípa wọn jù wa lọ ni àwọn tí a kì í kà mọ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹni tó ń ti bẹ́ẹ̀dì, gáàdì, ẹni tó ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀ ní mọ́ṣúárì, ẹni tó máa nu ilẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo wa bá lọ. Lẹ́yìn ìkọlù Paris ní oṣù kọkànlá 2015, níbi tí ènìyàn 130 ti kú, àwọn olùwádìí tẹ̀lé àwọn tó sáré dìde ṣe ìrànwọ́. Àwọn tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀, àti àwọn tí kò ní ẹni tí wọ́n lè fẹ̀yìn tì, ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára jù. Ta ló ń dá àwọn agbálẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní tiwa?

Ohun tí mò ń bèèrè kò pọ̀. Kì í ṣe pé kí wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ sínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kejì kí kálukú máa ròyìn tipátipá, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún irú ìyẹn. Kì í sì ṣe diazepam, oògùn tó ń muni sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí ẹnì kan sìn wọ́n délé. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Àwọn èèyàn wa ti japa, ọwọ́ mẹ́tírọ̀n kò tẹ ẹni tó lè dí àyè. Ṣùgbọ́n oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n. Oṣù mẹ́ta, ẹ tún pè wọ́n, bí ẹ ṣe ń pe ẹni tí abẹ́rẹ́ gún. Oṣù kìíní 2023 ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun jáde pé Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lù ú, àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀ sì wà ní Ifẹ̀ níbí. Bẹ́ńṣì tí a máa jókòó sí dè wọ́n ló ń bani lẹ́rù. Ìlú kékeré ni Iléṣà, kó tó di ọ̀sán ọ̀rọ̀ rẹ á ti dé ọjà Àtakúmọ̀sà pé orí nọ́ọ̀sì ti dàrú. Ìbàdàn ni ọ̀rẹ́ mi yọ́ lọ. Ara rẹ̀ ti ń yá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní òun ti sanwó aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò òun. Áńkárá ni, ó ní, kì í ṣe léèsì.

Èmi náà ra ìwé kan, olójú ewé 80, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti abẹ́rẹ́. Mẹ́tírọ̀n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí i. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ ni bàbá tó ń gbálẹ̀ fún wa. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti mọ̀ wọ́n, ohun tí mo rò ni pé wọn ò kàn fẹ́ràn ariwo. Mi ò mọ̀ pé Àbújá ni wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kí wọ́n tó padà wálé. Ìlà kan péré ni wọ́n kọ, ọjọ́ tí àdó olóró bú ní ibùdókọ̀ kan ní Àbújá: 14/4/2014, Nyanya. Wọ́n dé pẹ́ẹ̀nì, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wọn.