Ẹ Jẹ́ Káwọn Ọmọ Fọwọ́ Kàn Án

Sákúlà lórí práátíkà sáyẹ́ǹsì tó jáde sáwọn ilé ìwé ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́sẹ̀ tó kọjá ò dáa, káwọn tó kọ ọ́ fà á padà. Kò le rárá, ọwọ́ tó fọwọ́ sí i náà ló máa fọwọ́ sí èyí tó máa wọ́gi lé e, ìwé pélébé kan ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á lórí fóònù yín ti mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: káwọn tíṣà pírámárì wáànù títí dé tíírì káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó dáwọ́ práátíkà sáyẹ́ǹsì dúró ná, títí tí láàbù yóò fi dé.

Láàbù o. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ ọdún mẹ́fà fẹ́ fi láàbù ṣe? Ẹ gé ike omi sí méjì, ẹ ki bébà tó tutù sínú ẹ̀ (ìwé ìròyìn wa tó ti gbó gan-an máa ń ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa, ó sàn ju kí wọ́n fi dì bọ̀ọ̀lì lọ), kẹ́ ẹ wá ki ẹ̀wà mẹ́rin tó ti rẹ sómi mọ́júmọ́ sáàárín bébà àti ara ike, níbi tójú ti máa rí i. Bó bá fi di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ̀wà ti là, gbòǹgbò ti yọ bí ìrù eku, ó ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ wá dá ike yẹn dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la. Gbòǹgbò yẹn á ti ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, á tún máa wá ilẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò ní ojú. Ọmọ tó bá rí ìyẹn ò ní jẹ́ kí màmá ẹ̀ sinmi nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbéèrè á pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nìyẹn o, kò ju ẹ̀wà mẹ́rin lọ.

Tàbí ká sọ̀rọ̀ omi sobo tí gbogbo wa ń rà nínú ọ̀rá ní Ọjà Ọba. Ẹ bu sobo tí wọn ò tíì fi ṣúgà sí sínú kọ́ọ̀bù mẹ́ta, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìkejì, pípọ́n ẹ̀ á tún wá mọ́lẹ̀ sí i, ẹ wá da omi kánún díẹ̀ sínú ìkẹta kẹ́ ẹ wo bí omi pupa ṣe máa yí padà lójú yín, tó máa di bíi búlúù tó fẹ́ jọ ewé. Àwọn ọmọ máa pariwo, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo. Lẹ́yìn náà kí tíṣà bi wọ́n pé omi eérú èèpo kòkó ńkọ́, èyí tí màmá àgbà fi ń se ọṣẹ dúdú, ṣé ẹ̀gbẹ́ ọsàn ló máa wà àbí ẹ̀gbẹ́ kánún? Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ sọ tiẹ̀ kí wọ́n tó dà á. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ tiwọn yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà, nítorí ẹni tó ti sọ tiẹ̀ síta á fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbà á. (Ẹ̀gbẹ́ kánún ni o.)

Èyí tá a fẹ́ràn jù ò tiẹ̀ ná kọ́bọ̀. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ lóòró nínú ọgbà ilé ìwé, káwọn ọmọ máa fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji ẹ̀ dé, láti aago mọ́kànlá, ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, bó bá ti wá kọjá méjìlá kí wọ́n sún un mọ́ra, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé aago méjìlá ọ̀sán ni òjìji máa ń kúrú jù. Irọ́ ni, ní Àkúrẹ́ níbí. Bíi méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló máa ń ṣẹlẹ̀, torí pé ìlà 15 sí ìlà oòrùn lórí máàpù ayé (àwọn ìlà tó ti òkè wá sísàlẹ̀ yẹn) ni wọ́n fi tò aago tí Nàìjíríà ń lò, bẹ́ẹ̀ Àkúrẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìlà 5, oòrùn gbọ́dọ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa ná. Tó bá tún jẹ́ pé nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ni, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, òjìji igi yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá torí pé orí wa gan-an loòrùn máa wà. Ọmọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé òkúta kalẹ̀ máa rí i pé ìwé ò bá ilẹ̀ mu, á sì dìde bi tíṣà. Bóyá ìyẹn gan-an ló ń ba àwọn kan lẹ́rù.

Àwọn tó kọ sákúlà ní nítorí ààbò ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ààbò. Àwa náà ò fẹ́ kí iná wà lọ́wọ́ ọmọ kékeré, a ò fẹ́ kí omi kánún ta sí ọmọ kankan lójú, tíṣà ni kó máa dà á, kí wọ́n fọwọ́ tí wọ́n bá ṣe tán. A ò fẹ́ rí àwọn máágínẹ́ẹ̀tì pínpìnpín inú tọ́ì tó ti bàjẹ́ nítòsí wọn rárá, torí tọ́mọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn mọ́ra láti inú ìfun kan sí ìkejì kí wọ́n sì dá a lu, a ò sì fẹ́ rí bátìrì pẹlẹbẹ inú wọ́ọ̀ṣì nítòsí wọn bákan náà. Gbogbo èyí tá a kà sílẹ̀ yìí ò kún ojú ìwé kan. Kí ló dé tí ẹni tó lè kọ sákúlà ojú ìwé mẹ́ta tó fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró ò lè kọ ojú ìwé kan tó máa sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é láìséwu? Àwọn ọmọ kan náà yìí ló ń sọdá títì Ọ̀yẹ́mẹ̀kùn láàárọ̀ tí ọ̀kadà ń fò kọjá níwájú wọn, àwọn kan nínú wọn ń jókòó lábẹ́ òrùlé tí ìjì ti ṣí páànù ẹ̀, kò sí sákúlà kankan lórí ìyẹn. Ẹ̀wà lẹ rí.

Ẹ má bínú, ohùn wa ti fẹ́ máa lọ sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lẹ́nu wa. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń sọ ọ́ lójú ìwé yìí pé ẹ yé ra àpótí sáyẹ́ǹsì ńláńlá tẹ́ ẹ máa ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe, torí a mọ ibi tó máa ń parí sí, inú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú àgádágodo lórí, kó má bàa bàjẹ́. Ọmọ á wọ pírámárì wáànù, á jáde ní síìsì, dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá á wà nínú ọ̀rá ẹ̀ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Owó wà lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jáde ní 2004, ìjọba àpapọ̀ ń mú tiẹ̀ wá, ìpínlẹ̀ ń fi tiẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tá a ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹ̀ dé ọwọ́ tíṣà kíláàsì ní táàmù táàmù, kó fi ra kánún, ọsàn, ẹ̀wà, bàlúùnù, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọ̀gá ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò dá wa lóhùn rí. Ó yé wa ṣá. Láàbù ṣe é kọ́, ó ṣe é ṣí pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù, pátákó agbaṣẹ́ṣe ṣe é rì síwájú ẹ̀. Ẹ̀wà kọ́ńgò kan ò ní ìdá mẹ́wàá tẹ́nikẹ́ni lè yọ nínú ẹ̀.

Ká má fi gbogbo ẹ̀ di ẹrù ọ̀gá o. Àwọn tíṣà kan wà tí inú wọn dùn sí sákúlà yìí, àwọn tó jẹ́ pé kíkọ nóòtù sójú bọ́ọ̀dù nìkan ni sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ wọn, "ẹ yàwòrán ewé kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀ka ara ẹ̀ sí i," bẹ́ẹ̀ igi máńgòrò wà lẹ́yìn wíńdò. Àwọn mìíràn ń fi owó ara wọn ra ọsàn, àwọn ni sákúlà yìí gbá létí. Lóòótọ́ kíláàsì kún, ṣùgbọ́n ẹ pín wọn sí mẹ́fà mẹ́fà, ẹ kó wọn jáde sábẹ́ máńgòrò yẹn. Láti 1963 ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà, sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981, kò yẹ ká máa wá ẹni tó máa fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han tíṣà tì láàárín ìlú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀. Láti 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní Modákẹ́kẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ò sì rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní ká máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ pírámárì, ní 2025 wọ́n tún wọ́gi lé e. Ọmọ ìdí kòkó ní ọ̀nà Ìdànrè tó ti ki ọwọ́ bọ inú òkìtì kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ní ọjọ́ kẹta mọ̀ pé ó ń gbóná, ta ló dáná síbẹ̀? Ó lè fi Yorùbá bá yín jiyàn lórí ẹ̀ di ọ̀la, ẹ bi í ní Gẹ̀ẹ́sì kó dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n ti gba ẹnu lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ ló kù, ẹ tún fẹ́ so ó.

Ẹ fa sákúlà yẹn padà kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé. Ẹ kọ ojú ìwé kan tá a sọ yẹn, tí kò bá sáyè, ẹ ránṣẹ́ sí wa, a máa bá yín kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí gbogbo ọ̀gá ilé ìwé sì ṣí àpótí tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ Ajé tí ilé ìwé bá wọlé, àwọn akọ̀ròyìn wa máa dúró lẹ́nu géètì díẹ̀ nínú wọn, pẹ̀lú ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ sómi láti alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.