BVAS ò mọ ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún o

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, mẹ́sééjì kan ń lọ káàkiri WhatsApp pé wọ́n ti fi BVAS, ẹ̀rọ tí INEC fi ń yẹ olùdìbò wò, kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dìbò fún ẹgbẹ́ míì ní Ìjọ̀kà àti Òkè-Àró, pé ìjọba ò ní ṣe títì fún wọn. Irọ́ ni o. BVAS kàn ń wo ìka tàbí ojú yín bóyá ẹ̀yin lẹ ni káàdì ni, tí wọ́n bá kàbò tán wọ́n á tún fi ya fọ́tò ìwé èsì. Bébà ìbò ò dé inú BVAS rárá, ẹ gbà á, ẹ wọ kọ̀rọ̀, ẹ tẹ̀ka, ẹ ká a, ẹ jù ú sínú àpótí, kò sórúkọ yín lára ẹ̀. Iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló wà nínú Form EC8A, ìyẹn ìwé èsì yúnìt yẹn. Lóòótọ́ APC mú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 l'Óǹdó nínú ìbò gómìnà 2024, àmọ́ ìyẹn ò sọ ohun tí aládùúgbò yín tẹ̀. Ẹ lọ sórí IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé fọ́tò ìwé èsì sí, ẹ wá yúnìt ìdìbò yín, ẹ fojú ara yín wò ó.

Mi ò bá ẹni tó fi ránṣẹ́ wí, ọ̀rọ̀ títì yìí ń dun gbogbo wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sí gúrúùpù tẹ́ ẹ ti rí tàkọ́kọ́, pàápàá tàwọn ìyá wa lọ́jà.